Etí La Fi Ń Ra Kámẹ́rà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ya bo ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ojúlé 14, Agége Motor Road, níhà Ìdí-Òrò ní Mùṣín. Wọ́n na àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, gba ojú fèrèsé, wọ́n sì kiná bọ ilé. Ìtàn yẹn kò ṣàjèjì sí ará Èkó. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí ni pé fíìmù wà lára ohun tí iná náà bà jẹ́. Wọ́n ń ya fíìmù kan lórí ìgbésí ayé Fẹlá nígbà yẹn, The Black President ni wọ́n pè é. Ohùn fíìmù náà, ọ̀rọ̀ àti orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un, bá iná lọ. Àwòrán tó ṣẹ́ kù ya odi.

Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ fún dọkumẹ́ńtárì gbé ìtàn yìí sọ́kàn kó tó kó owó jáde. Méjì nínú ohun tó ń pa irú fíìmù bẹ́ẹ̀ títí dòní ló wà nínú rẹ̀: ohùn tí kò sí, àti iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀dà kejì.

Láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá, láti Sùúrùlérè dé Mùṣín, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó ti wà níbẹ̀: kámẹ́rà wo ni kí àwọn rà? Ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń gbà kì í ju orúkọ ẹ̀rọ lọ. Wọ́n á ní kí wọ́n ra Canon, òmíràn á ní Sony ni. Wọ́n á ní èyí ń ya 4K, tọ̀hún ò ya 4K. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ yà, ibo ni onítọ̀hún ń jókòó ṣiṣẹ́, irú ariwo wo ló wà níbẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń mú iná lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni kámẹ́rà tó yẹ wà.

Dọkumẹ́ńtárì kì í ṣe eré. Ẹni tí wọ́n ń yà nínú rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá sunkún, kò sí olùdarí tó máa ní kó tún un sun kí iná lè bọ́ sí i lójú dáadáa. Kì í sì í ṣe fídíò òde àríyá, níbi tí orin yóò bo gbogbo àléébù mọ́lẹ̀, tí oníyàwó á sì dúró kí wọ́n yà á. Nítorí náà, kámẹ́rà tó dára fún eré tàbí fún ìgbéyàwó lè má dára fún dọkumẹ́ńtárì. Èyí tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tó tètè ń jí, tó ń gbọ́ràn, tó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì ní dẹ́rù ba ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ìtàn méjì fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1946, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Rouch, ra kámẹ́rà Bell & Howell àlòkù kan ní ọjà àlòkù ní Paris. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Jean Sauvy àti Pierre Ponty, fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ọya láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó ti ń wọ òkun nílẹ̀ Nàìjíríà. Ojú ọ̀nà ni sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ti bómi lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí òmíràn rà, ni Rouch bá ń fọwọ́ gbé kámẹ́rà. Ẹ̀rọ náà kò lo bátìrì. Ṣe ni wọ́n ń yí i bí ẹní yí aago, tí wọ́n bá sì yí i tán, kì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ kó tó dúró. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ló padà di ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣẹ́ dọkumẹ́ńtárì, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ọwọ́, tó ń bá èèyàn rìn, tó ń bá èèyàn jó, di àmì iṣẹ́ rẹ̀. Odò ló kọ́kọ́ gba sítáǹdì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn kejì kò tíì pẹ́. Ní abúlé Bil'in nílẹ̀ Palẹ́sìnì, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Emad Burnat ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 2005 láti fi máa ya ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àsìkò yẹn ni Ísírẹ́lì ń mọ odi kọjá lórí ilẹ̀ oko abúlé náà, táwọn ará abúlé sì ń jáde fẹ̀hónú hàn. Burnat ń yà á. Wọ́n fọ́ kámẹ́rà kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá òmíràn, ìyẹn náà tún fọ́, títí ó fi di márùn-ún. Òun àti Guy Davidi fi iye kámẹ́rà náà sọ fíìmù wọn lórúkọ, 5 Broken Cameras, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2013.

Nílé níbí, owó ló kọ́kọ́ ti àwọn aṣefíìmù sídìí kámẹ́rà kékeré. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, orí fíìmù gidi ni wọ́n ṣì ń ya nǹkan, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, ti ọdún 1986, àwọn aṣefíìmù kò lè san owó yẹn mọ́. Wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò. Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1992. Túndé Kèlání, tó ti lọ kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní London, tó sì ti ya fíìmù ńlá fún àwọn ẹlòmíràn, gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde lórí fídíò ní ọdún 1993. Sùúrùlérè di ibùdó àwọn tó ń ṣe fídíò wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà náà ṣì wúlò: kò yẹ kí ìtàn tó ti pọ́n máa dúró de ẹ̀rọ tí apá kò ká.

Ẹni tó bá ń rò pé òun gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí òun tó rí ohun tí òun yóò yà, kó wo iṣẹ́ Fẹ́mi Odùgbèmí. Bariga Boy, tó ṣe ní ọdún 2009, dá lórí Ṣẹ́gun Adéfilá, oníjó àti eléré orí ìtàgé tó dá ẹgbẹ́ Crown Troupe sílẹ̀ ní Bàrígà, tí kò jìnnà sí Yábàá. Makoko: Futures Afloat, tó ṣe ní ọdún 2016, dá lórí àwọn tó ń gbé lórí omi ní Mákòkò, lẹ́bàá Yábàá náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá àjọ̀dún dọkumẹ́ńtárì iRep sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2011, Freedom Park ní Erékùṣù Èkó sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yóò rí i pé ohun tí àwọn èèyàn ń bèèrè lẹ́yìn fíìmù kì í ṣe orúkọ kámẹ́rà.

Nígbà míì, ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹni tó ń ṣe fíìmù fẹ́ kí olùwòran mọ̀ lára ló máa mú ẹ̀rọ tó ṣàjèjì. Joel Kachi Benson fẹ́ kí ẹni tó ń wo fíìmù rẹ̀ rò pé òun gan-an jókòó ní Chibok, lọ́dọ̀ ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ó lo kámẹ́rà tó ń wo ọ̀tún, òsì, iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í fojú fo ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi sá sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Fíìmù náà, Daughters of Chibok, gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní ọdún 2019. Kì í ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni rà o, àmọ́ ọ̀nà tí ó gbà yàn án ló yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́.

Ti fóònù ńkọ́? Kò sí ohun tó burú nínú fóònù. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ Malik Bendjelloul, ọmọ Sweden tó ṣe Searching for Sugar Man, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló fi ya díẹ̀ lára èyí tó kù, fíìmù náà sì gba Oscar ní ọdún 2013. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ya àwòrán tó mọ́, tí kò sì ní ju owó díẹ̀ lọ, kó fi ra máìkì. Máìkì yẹn kò ní lọ lásán lọ́jọ́ tí kámẹ́rà bá dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Ká wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè ní Mùṣín, ní aago 11 òwúrọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lórí tábìlì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ń han lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ndọ́ ń pe èrò Òṣòdì. Ẹnì kan ń ti ọmọlanke kọjá, ó so gbohùngbohùn mọ́ ọn, ó ń ta oògùn eku. Télọ̀ yìí ń sọ bí òun ṣe kọ́ṣẹ́, nígbà tó sì kan ikú ọ̀gá rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kámẹ́rà tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i rí omi tó lé ròrò sí i lójú. Ohun tí máìkì orí kámẹ́rà náà gbọ́ ni jẹnẹrétọ̀.

Etí èèyàn ní ọgbọ́n tí ẹ̀rọ kò ní. Bí èèyàn bá jókòó sáàárín ariwo, ọpọlọ rẹ̀ á mú ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, á sì ti ìyókù sẹ́yìn. Máìkì kì í yan ohun tó máa gbọ́. Bí ó bá sì fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ẹnu ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, agbára ohùn tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níta gbangba yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí kámẹ́rà, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ, tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, ló máa gba télọ̀ náà sílẹ̀. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan bíi Zoom H1 lè wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀; wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fi àtẹ́wọ́ náà so ohùn àti àwòrán pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tò ó.

Nítorí èyí, ihò méjì ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wá lára kámẹ́rà, kó tó wo ohunkóhun mìíràn. Ọ̀kan ni ihò tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀. Èkejì ni ihò tí wọ́n ń ki hẹ́dífóònù bọ̀, kí ayàwòrán lè máa gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ní ti àkọ́kọ́, wọn ò ní ìkejì. Canon M50 tó jáde ní ọdún 2018 wà lára wọn: àwòrán rẹ̀ dára, ó ní ihò máìkì, àmọ́ etí ẹni tó ń lò ó dí. Ilé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dé kó tó mọ̀ pé wáyà máìkì ti já, tàbí pé bọ́tìnì aṣọ ń họ máìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, kámẹ́rà àtijọ́ tó ní ihò méjèèjì sàn fún dọkumẹ́ńtárì ju kámẹ́rà tuntun tó ní ẹyọ kan lọ.

Lẹ́yìn etí ló kan ojú, ojú náà sì ní ìṣòro tirẹ̀ nílẹ̀ wa. Iná mọ̀nàmọ́ná tí à ń lò máa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Èyí ló fà á tí gílóòbù gígùn inú ṣọ́ọ̀bù fi ń mọ́lẹ̀, tó tún ń rẹ̀ sílẹ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú èèyàn kò rí i, àmọ́ ojú kámẹ́rà ń rí i. Bí kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé bá ṣì wà lórí ètò NTSC, tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà á máa rìn gba ojú àwòrán kọjá, tàbí kí iná máa ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó tà á. Kò bàjẹ́. Kí wọ́n wọ inú mẹ́nù, kí wọ́n yí i sí PAL, kó máa ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí wọ́n sì fi shutter sí 1/50. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan ló ń gbé iná náà wọlé, ó ṣì lè máa ṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà yẹn, kí wọ́n paná, kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Fèrèsé pàápàá ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwọn ilé ìfọ̀tò fi ń wọn àwọ̀ ara, tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Fíìmù ayé ìgbà náà kò sì ṣe dáadáa sí ojú dúdú. Kámẹ́rà òde òní ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ tí wọ́n bá fi ṣe é pé kí ẹ̀rọ máa dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, ó ṣì lè tan ni jẹ. Bí èèyàn dúdú bá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tàbí sí ọ̀run ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ á wò, á sì mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tí wọ́n wá yà á di òjìji. Kí onítọ̀hún kọjú sí fèrèsé ni. Kí olùrà sì rí i dájú pé kámẹ́rà tó fẹ́ rà gba kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu ìmọ́lẹ̀. Kó mú ọ̀rẹ́ kan tó dúdú dáadáa dání lọ sọ́jà, kó yà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àti nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọ̀rẹ́ yẹn yóò sọ ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Lórí lẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Lẹ́ǹsì 50mm tí ihò rẹ̀ ń ṣí dé f/1.8 kò wọ́n, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rà á. Àmọ́ nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 ní ilé face-me-I-face-you ní Mùṣín, ẹ̀yìn ayàwòrán á ti kan ògiri, ojú nìkan ni á ṣì máa rí. Èyí tó ń wo ibi tó fẹ̀, bíi 24mm, ló wúlò níbẹ̀.

Iná tí wọ́n ń mú lọ kan bátìrì náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi bátìrì kan ṣoṣo jáde. Mẹ́ta ló dáa, kámẹ́rà tó bá sì lè gba iná láti ara power bank ti ran olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Kámẹ́rà kékeré mìíràn á gbóná lábẹ́ oòrùn, á sì pa ara rẹ̀. Òmíràn á dúró gbọ́ọ́ tí ó bá di ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Èyí kì í ṣe àìsàn. Owó ibodè tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà tó bá lè ya fídíò ju ìṣẹ́jú 30 lọ ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é fi òpin yẹn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń sọ bí wọ́n ṣe lé àwọn kúrò nílé kò mọ òfin Yúróòpù, ó sì lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n ló máa sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

Ti mẹ́mọ́rì káàdì, ìṣirò ni. Fídíò HD tó ń lo megabit 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá máa ń jẹ nǹkan bí GB 22 àti ààbọ̀ ní wákàtí kan. 4K tó ń lo 100 máa ń jẹ 45. Káàdì 64GB yóò gba HD fún wákàtí méjì ó lé, àmọ́ 4K á ti kún un kó tó tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà tó máa gbé e, àti hádì-dísíkì tí wọ́n máa kó o sí, lọ́nà méjì. Èyí ló fi jẹ́ pé HD tó dára tó gedegbe fún fíìmù àkọ́kọ́. Ayédèrú káàdì náà pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kọ 128GB sí lára tí inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kí wọ́n kó fídíò kún un délẹ̀ nílé, kí wọ́n wò ó látòkèdélẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ̀n kámẹ́rà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ládùúgbò wọ̀nyí. Kámẹ́rà ńlá tó gun sítáǹdì lẹ́bàá ọjà Téjúoṣó tàbí nínú ọjà Ládípọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tó gbé e tó lanu. Àwọn kan á rò pé ìjọba fẹ́ wá wó ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò á béèrè owó. Ẹni tí wọ́n wá yà á tún kọ́là ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ti ń fi Yorùbá ṣe láti ogún ọdún. Kámẹ́rà kékeré kò fa irú wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kò sọ pé kí èèyàn má kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́ tàbí bàbá onílé. Kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìgbé kámẹ́rà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn. Nínú Awon Boyz, tí Tolulope Itegboje darí ní ọdún 2019, àwọn ọkùnrin tí Èkó ń pè ní ọmọ ìta jókòó, wọ́n sì sọ ìtàn ara wọn. Kò sí lẹ́ǹsì tó ń mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò bá fọkàn tán ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wàyí o, ọjà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, kámẹ́rà tuntun ti sá kúrò níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Tòkunbọ̀ ló kù, ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní Alábà, tàbí lọ́wọ́ afídíò òde àríyá kan ní Sùúrùlérè tó fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀. Tòkunbọ̀ kì í ṣe ìtìjú, àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Kí olùrà mú káàdì tirẹ̀, máìkì tirẹ̀ àti hẹ́dífóònù tirẹ̀ lọ. Kó ki máìkì bọ ihò, kó rọra mì í, kó gbọ́ bóyá ohùn ń já. Ihò tó ti ń mì ni àrùn tó wọ́pọ̀ jù lára kámẹ́rà tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ òde. Kó dé lẹ́ǹsì lójú, kó ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú kan, kó wá wò ó bóyá àmì kékeré funfun tàbí pupa wà tí kì í kúrò lójú kan. Kó jẹ́ kó máa yà fún ogún ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá ṣì ń ná ọjà lọ́wọ́. Kó ṣí mẹ́nù: àwọn kámẹ́rà Sony tí wọ́n tà nílẹ̀ Japan sábà máa ń sọ èdè Japan nìkan, kò sì sí bọ́tìnì tó máa yí i padà sí òyìnbó. Kó gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, nítorí kámẹ́rà tí wọ́n jí gbé kì í kọ ọ́ sára.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí èèyàn dárúkọ kámẹ́rà, mẹ́ta ló tó. Canon 80D ti ọdún 2016 kò ya 4K, ó sì ń dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, àmọ́ ó ní ihò méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé èèyàn dáadáa bó ṣe ń rìn. Sony ZV-E10 ti ọdún 2021 kéré, ó ní ihò méjèèjì, ó ń ya 4K, kì í sì í dúró ní ìdajì wákàtí. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ tó ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró nínú ara rẹ̀, ẹni tó bá fi ń rìn gbọ́dọ̀ kọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni irú èyí tí àwọn oníròyìn ń gbé, bíi Canon XA11. Kò jọjú bí àwọn méjì yòókù, HD nìkan ló sì ń yà. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì rẹ̀ ń fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn mọ́ra ní ìlọ́po 20, ó ní ihò ńlá méjì tí wọ́n ń ki máìkì gidi bọ̀, ó sì gba káàdì méjì, tí wọ́n lè fi kọ ohun kan náà sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ yan fún ọmọ ìyá rẹ̀ tó fẹ́ ṣe dọkumẹ́ńtárì ní Mùṣín, ẹ̀kẹta yìí ni kó kọ́kọ́ wò, bí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà bá tilẹ̀ ní ó ti di ti àgbà.

Kó sì má rà á lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà háyà wà. Owó ọjọ́ méjì kò tó nǹkan lára owó tí wọ́n fẹ́ ná. Kó gbé èyí tó háyà padà lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojúwòyè, lẹ́yìn tó bá ti tọrọ ààyè, kó há máìkì mọ́ ọn láyà, kó yà á fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú gbogbo ariwo ibẹ̀. Nígbà tó bá dé yàrá rẹ̀ ní Yábàá, kó tan án, kó di ojú, kó sì gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo àwòrán rárá. Bó bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ télọ̀ náà yé, títí kan ibi tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kó lajú, kó wá wo bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà kó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kó sì gbé ọ̀kan lọ fi sílé àǹtí rẹ̀ ní Sùúrùlérè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.